Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Tọrọ Àyè

"Abèèrè kì í ṣìnà, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni etíkun yìí fún wa ní afinimọ̀nà."

Bàbá Orímisàn, ọmọ Ìlàjẹ tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Kápíténì Ṣódípọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ òkun oníyìnyín ní òpin àríwá ayé.

Kápíténì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ máa bá ẹ́ńjìnnì yín lọ. Àwọn onílẹ̀ yẹn ní àwọn ló ni omi yìí. Àwọn tó rán wa sọ pé gbogbo ayé ló ni ín. Torí kí a lè kọjá láìtọrọ àyè, kó lè hàn pé kì í ṣe tàwọn onílẹ̀, ni wọ́n ṣe rán wa."

"Ọ̀nà la fẹ́ béèrè, a ò sọ pé àwọn ló ni òkun. Òfin lè gbè yín, ṣùgbọ́n yìnyín ò kàwé."

Ní ọjọ́ kẹta, yìnyín há ọkọ̀ náà mọ́, ó sì ń tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú. Kápíténì fúnra rẹ̀ ló ké gbàjarè lórí rédíò. Àwọn onílẹ̀ gbé ọkọ̀ afọ́yìnyín wá, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì na ìwé kan sí i: "Mo tọrọ àyè láti gba ojú omi yín kọjá."

Ó tẹjú mọ́ ìwé náà títí. Kò lè wo ojú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i, Ọ̀gá," ni Bàbá Orímisàn wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀mí wa ló kù tí a lè gbà là."

Ó fọwọ́ sí i. Àwọn onílẹ̀ dúpẹ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà kan pé kó fi jíṣẹ́ fún àwọn tó rán an.