Ẹfúnyẹlá àti Erè Inú Ọ̀gán

Ẹnu-tó-jẹ-tìrẹ-ló-ń-jẹ-ọ̀tá-rẹ, awo ẹ̀bá aginjù, ló dífá fún Ẹfúnyẹlá, opó Ajíbóyè, ní ọjọ́ tí ó ń sunkún adìẹ, tí kò mọ̀ pé ẹkún iṣu ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹfúnyẹlá kò bímọ. Oko ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, oko àti èbù iṣu kan tí kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Èbù yìí ni ó fi ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n erè ńlá kan ń gbé inú òkìtì ọ̀gán lẹ́bàá oko náà. Bí adìẹ obìnrin yìí bá ti jẹ̀ débẹ̀, ó di àwátì.

Awo ní kí ó rúbọ. Ó ní kí ó so àgbébọ̀ adìẹ kan mọ́ ẹnu ọ̀gán, kí ó yọ̀ǹda rẹ̀ tinútinú fún erè, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀dá náà.

Ẹfúnyẹlá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Bàbá, ẹ dákun. Olè kó mi lẹ́rù, ẹ tún ní kí n ru ìyókù lọ bá a nílé?"

"Ìyá, ẹnu tó ń jẹ adìẹ yín, ẹ ò mọ ohun mìíràn tó ń jẹ."

Ó kọtí ọ̀gbọin sẹ́bọ. Ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jìnmí ọdẹ. Wọ́n fín ọ̀gán léèéfín. Bí erè ti yọrí, àdá ni. Wọ́n pín ẹran náà kárí abúlé. Ẹfúnyẹlá jẹ níbi tó lọ́ràá, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Adìẹ pọ̀ sí i lóòótọ́. Àwọn òkété tó ń jẹ iṣu lóko sì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Erè yìí ló ti ń wọ ihò wọn láti ọjọ́ yìí wá, tó ń gbé ìyá tó ń gbé ọmọ mì. Ta ló mọ̀?

Ẹfúnyẹlá ti fi ewé bo èbù rẹ̀ sábẹ́ igi, kí ó máa dúró de òjò, bí Ajíbóyè ti kọ́ ọ. Òjò rọ̀, ó ṣí ewé. Èèpo ló bá, èèpo àti ihò òkété. Ó fọwọ́ tú ilẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ́, kò rí ẹyọ kan.

"Ajíbóyè o! Mo ti pa iṣu rẹ run!"

Ó sáré gbé àgbébọ̀ lọ sí ẹnu ọ̀gán. Ó so ó, ó kúnlẹ̀. "Ẹ gbà á. Mo yọ̀ǹda rẹ̀, tinútinú ni." Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Adìẹ ń họ ilẹ̀ kiri, ó ń ṣa ikán jẹ. Kò sí ẹni tí yóò gbé e. Ẹfúnyẹlá jókòó tì í, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ilé àbúrò rẹ̀ ló padà sí. Iṣu oníṣu ló jẹ títí ó fi kú, irú ti ọkọ rẹ̀ sì parẹ́ láyé.

Ifá ní ká máa gbọ́ ìkìlọ̀, ká sì máa rúbọ, nítorí rírú ẹbọ ní í gbe ni. Ṣùgbọ́n ẹ rú u nígbà tí ẹni tí yóò gbà á ṣì wà láàyè.