Bí Ìjàpá Ṣe Há Sínú Oníbodè Orí Erin

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra, kò sọ̀ sí oko, kò sọ̀ sí ẹ̀bá odò. Orí odi kan ló sọ̀ sí, odi tí kò ní ihò, síbẹ̀ tí oúnjẹ ń kọjá nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ má wo òkè. Ẹ fọwọ́ kan orí yín, inú ibẹ̀ ló wà. Ó tún kan Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nítorí níbi tí oúnjẹ bá wà, ẹ kò ní wá a tì.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Erin nìkan ló mọ ọ̀nà tó lọ sí odò tí kì í gbẹ, òun ló sì máa ń kó gbogbo ẹranko lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn wọ inú orí Erin. Ó ń gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Ìbídùn àkọ́bí rẹ̀ ní ìyá rẹ̀. Ó jáde láti kó àwọn ẹranko lọ sídìí omi, ó yí igi kan náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an. Bí Erin kò bá rántí ọ̀nà, òùngbẹ ni yóò pa gbogbo wọn.

Òòrẹ̀, tó mọ ewé, po egbòogi kan. Ó dára, àmọ́ ó tóbi, ó sì ki. Wọ́n fi sínú ẹ̀jẹ̀ Erin. Egbòogi dé ẹsẹ̀, ó dé ẹ̀yìn, ó dé etí. Nígbà tó dé ibi odi tó yí ọpọlọ ká, àwọn oníbodè dá a padà. Àwọn oníbodè yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín o. Wọ́n fi èjìká kan èjìká, wọ́n rán ara wọn pọ̀ bí ẹní, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn.

Òòrẹ̀ bi àwọn ẹranko pé, "Ta ni yóò bá wa gbé e wọlé?"

Ìjàpá ní, "Èmi ni."

Ẹnu yà wọ́n. Ìjàpá tí kì í jáde sí àáró? Wọn kò mọ̀ pé ó ti gbọ́ pé oyin ni wọ́n ń jẹ nínú orí Erin, tọ̀sán-tòru, láìsinmi.

Òòrẹ̀ fún un ní ewé kan jẹ, Ìjàpá sì di kékeré bí hóró ọkà bàbà. Ó gba ojú ọgbẹ́ kan ní ẹsẹ̀ Erin wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun àti ẹrù egbòogi. Nígbà tó dé ìdí odi, ó lúgọ, ó ń wò. Ó rí ọtí inú èso kíkan tí Erin jẹ. Ọtí kéré, ara rẹ̀ sì ń yọ̀, ó yọ́ wọlé láìkí ẹnikẹ́ni.

Ìjàpá ní, "Àṣé kí èèyàn ṣáà ti máa yọ̀ ni."

Ó fi àdín pa ara látòkè délẹ̀, ó sáré kọlu odi. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀.

Oníbodè kan wò ó. "Bàbá, ẹ yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tóbi. Ẹ máa lọ sílé."

Bó ṣe jókòó tó ń ronú, arúgbó kan dé tó ru irin. Baba Arùrin ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ru irin lọ fún àwọn ará inú orí. Ó na ọwọ́, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é.

Oníbodè, gbọwọ́ mi wò,
*Tẹ́rẹ́ mọ́wọ́.*
Bí ó bá mu, gbé mi kọjá,
*Tẹ́rẹ́ mọ́wọ́.*
Bí a bá dénú, fi mí sílẹ̀,
*Tẹ́rẹ́ mọ́wọ́.*

Ọwọ́ wọn bára mu. Oníbodè gbé bàbá náà mì tòun tẹrù, ó gbé e la inú ara rẹ̀ kọjá, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní òdìkejì. Kò tú ẹrù rẹ̀ wò. Àṣà ibodè náà ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mu, wọn kì í bi í ní nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí Baba Arùrin tún padà dé, Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú ẹrù kékeré yìí dání. Oògùn Erin ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Irọ́ ni. Kò fẹ́ kí ẹrù dí òun lọ́wọ́ nídìí oyin ni. Ewé tútù kan ṣoṣo ló fi so egbòogi mọ́ irin bàbá, kò tilẹ̀ ta kókó rẹ̀ le. Ọ̀lẹ ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́.

Ní tirẹ̀, ó fi ìda mọ ọwọ́ kan tó jọ ti Baba Arùrin gẹ́lẹ́. Ó yẹ kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, bí oníbodè bá jù mí nù lójú ọ̀nà ńkọ́? Ló bá fi àtè, oje igi tí a fi ń mú ẹyẹ, kun ọwọ́ náà nípọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Oníbodè gbá a lọ́wọ́ mú. Ó mu. Ó gbé Ìjàpá mì, ó gbé e dé òdìkejì.

Ìjàpá ní, "Bàbá oníbodè, a ti dé. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Oníbodè ní, "Mo fẹ́ fi yín sílẹ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ nígbà náà."

"Àtè ni."

Ìjàpá ń gbọ́ òórùn oyin. Ó na ọrùn, ó na ahọ́n, kò tó o. Oníbodè dúró títí ó fi sú u. Ọlọ kan wà nínú ikùn oníbodè kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ohun tó bá kọ̀ tí kò sọ̀. Oníbodè gbé Ìjàpá lé e. Ó lọ̀ ọ́ títí, ìkarahun kò kúnná, ọlọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ni oníbodè bá tì í padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjàpá bá ojú ọgbẹ́ jáde, agbára ewé tán lára rẹ̀, ó padà sí bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó mutí.

Ṣùgbọ́n egbòogi ńkọ́? Bí Baba Arùrin ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, kókó tí kò le tú fúnra rẹ̀. Egbòogi bọ́ sílẹ̀, ó tàn káàkiri inú orí. Erin gbójú sókè. Ó wo àkọ́bí rẹ̀ pẹ́.

Ó ní, "Ìbídùn, pe àwọn yòókù. Omi jìnnà."

Ọmọ náà sunkún ayọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ẹranko ti ń mu omi, Ìjàpá náà sì wà láàárín wọn.

Àwọn ẹranko ń yìn ín. Òun ń ráhùn pé òun kò fẹnu kan oyin. Òòrẹ̀ rí àtè lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi í títí ó fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì kọ́ ọgbọ́n.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí kì í fi í ṣe gbogbo oògùn tó dé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dé inú orí. Èyí tó bá tóbi gbọ́dọ̀ gun ẹ̀yìn ẹni tí oníbodè mọ̀, kó sì dì í mú wọ́ọ́rọ́wọ́, kó lè bọ́ sílẹ̀ bó bá débẹ̀. Àwọn tó ń po egbòogi ṣì ń wá irú kókó bẹ́ẹ̀ títí di òní, nítorí ìyá ẹnìkan wà níbìkan tó ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn. Èmi gbà pé wọn yóò rí i so.

Àlọ́ mi dúró síbẹ̀ gírígírí. Bí mo bá fi irọ́ pò ó, kí ahọ́n mi lọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ jẹun.