Ìròyìn Tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Gbé Wọ Ọjà Obì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dé ilé kejì! Ìwọ tó ń tòògbé yẹn, jí, tìẹ ni mo ń wí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó kọjá nínú igbó, ó lọ bà lé Òkété, opó ọlọ́mọ púpọ̀.

Ní ìgbà kan rí, obì ni gbogbo ẹranko inú igbó ń gbìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á sọdá odò láti ilẹ̀ ọ̀dàn, wọ́n á fi ọkà bàbà gba obì. Àpò ọkà kan, agbọ̀n obì kan. Agbọ̀n kan ṣoṣo ni Òkété ní. Òun ló fẹ́ fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí òjò á fi dé. Láràárọ̀ ló ń tú u, á ṣa èyí tí kòkòrò ti kàn kúrò, á fi ewé tútù dì í padà.

Lọ́jọ́ ọjà, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ já dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Yéè! Ó parí! Ọba ọ̀dàn ti ti ẹnubodè o! Obì kankan ò gbọdọ̀ sọdá odò mọ́!"

Ọjà dàrú. Ọ̀bọ káwọ́ lérí. Ìgalà ní, "Kí la fẹ́ fi obì ṣe báyìí?"

"Àánú yín ló ṣe mí," ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. "Mo ní ọkà díẹ̀ nínú àká. Ẹ gba igbá ọkà kan lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí n bá yín palẹ̀ ẹ̀ mọ́."

Wọ́n ń kó obì fún un, wọ́n tún ń dúpẹ́! Ó wá kan Òkété.

"Ìyá, tiyín ńkọ́?"

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ọba?"

"Gbogbo ayé ló ti gbọ́."

"Èmi ò tíì gbọ́. Mo ń lọ béèrè."

Ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó ru agbọ̀n, ó di etí odò. Ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹfọ̀n tó ń ṣọ́ ọ ń jẹ koríko jẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́ni tó tì í," ni Ẹfọ̀n wí. "Àmọ́ àwọn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbọ́ lọ́nà pé wọ́n ti tì í, wọ́n bá yí padà sílé."

Inú Òkété bàjẹ́. Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀. Ó nu ojú. "Mi ò ní gbé ebi lọ bá àwọn ọmọ mi."

Ó sọdá. Ibi tílẹ̀ bá ti mọ́ bá a, á tú obì, á pààrọ̀ ewé, títí ó fi dé abúlé àwọn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Olórí wọn já ọ̀kan jẹ.

"Bí èyí tí wọ́n ká lónìí! Ẹnu wa ti gbẹ!"

Àpò méjì ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n bá a rù ú délé, wọ́n sì ru ọkà mìíràn dání láti ra obì sí i.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí wọn lókèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Obì ti wọ́n o! Àpò mẹ́ta, agbọ̀n kan!"

"Tú u ká wò ó," ni olórí àwọn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí.

Ó tú u. Họ́wù! Eruku ló tú jáde. Látọjọ́ tó ti to agbọ̀n jọ, kò ṣí ọ̀kankan. Ó rò pé obì ń dúró de èèyàn bí ọkà ni. Kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ọkà wọn, wọ́n yísẹ̀ padà. Àká Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ti ṣófo. Ìgalà àti Ọ̀bọ lé e wọgbó, ibẹ̀ lebi ti sọ ọ́ di olè adìẹ títí dòní. Àmọ́ igbá ọkà kan ni àwọn náà fi la ẹ̀ẹ̀rùn já, ojú wọn rí màbo. Àwọn ọmọ Òkété jẹun yó.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ìròyìn bá já wọ ọjà, ẹ má tíì ju ẹrù yín sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ti nawọ́ láti gbà á.