Ògbufọ̀ Ọlọ́rọ̀ Mẹ́rin

Ọkùnrin kan wà, ẹlẹ́ja ni, a máa fura sí ẹni tó bá kí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. "Ìfura loògùn àgbà," ni í máa wí. Bó bá jẹ́ oògùn lóòótọ́, tirẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ara ń gbà lọ.

Ó kọ ògbufọ̀ kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò máa ka àṣẹ Yorùbá, tí yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń fa omi sí adágún ẹja. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kọ́ ọ. Méjì nínú wọn nìyí: "dà" ni kó da omi. "Dá" ni kó dá omi dúró. Nígbà tí àmì ohùn ń dí i lọ́wọ́, ó ní kí ògbufọ̀ máa fojú fo gbogbo rẹ̀. Ó ní ta ni ò gbọ́ Yorùbá?

Ní ọjọ́ kẹta, omi kún adágún, ó ṣàn kọjá etí, ẹja tó ti tó tà sì bá omi lọ sínú gọ́tà. Bàbá Morádéyọ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán. Ó rántí pé òṣìṣẹ́ náà bá alájàpá ẹja kan rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rín kí nìyẹn? Bàtà rẹ̀ tún tutù. Háà! Bàtà ta ni kò ní tutù létí adágún? Ó pe àwọn aládùúgbò jọ, ó ní olè ni, kó di ẹrù rẹ̀.

Bàbá Morádéyọ̀ kò bú u. "Ọ̀gá, 'dá' ni mo tẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa rí i."

Ọ̀gá tẹ "dá." Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó tún un tẹ̀, omi ò dúró, títí ó fi fa wáyà yọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di "da" lójú ògbufọ̀, èyí tó kọ́kọ́ mọ̀ ló sì ń ṣe. Ojú ti ọ̀gá, ó dọ̀bálẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Bàbá Morádéyọ̀ dárí jì í, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n ti pè é lólè létí àwọn tó mọ ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ní ìyàwó rẹ mọ̀ọ́mọ̀ ta ko ọ̀rọ̀ rẹ, tí o sì ti ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀, kí lo kọ́kọ́ sọ fún un gan-an tí o fi ní ó ta kò ọ́? Padà sílé rẹ. Tún ọ̀rọ̀ náà sọ sétí ara rẹ bí o ṣe sọ ọ́ kí obìnrin yẹn tó jáde.