Òrùlé Tí Owó Ò Lè Gbé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò balẹ̀ sórí ẹlòmíràn, àfi Ìjàpá olówó ẹyọ, àti Ọ̀yà, opó tí kò ní ju ọkọ́ kan lọ.

Ọ̀yà ń dáko ní àkùrọ̀ etí odò. Àáró ni ìlú ẹranko ń ṣe nígbà náà: lónìí gbogbo wa lóko rẹ, lọ́la gbogbo wa lóko mi. Ọ̀yà kì í pa àáró ẹnikẹ́ni jẹ. Ìjàpá ńkọ́? Á ní ara òun kò yá, á fi owó ẹyọ ránṣẹ́ dípò ara rẹ̀. Bí ẹni pé owó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè.

Àkùrọ̀ Ọ̀yà wọ Ìjàpá lójú. Ó gbọ̀nà ààfin.

"Kábíyèsí, ilẹ̀ dáradára kì í ṣe ti òtòṣì. Ọlọ́rọ̀ ni kẹ́ ẹ fún."

Erin ọba, tí etí rẹ̀ tóbi ju làákàyè rẹ̀ lọ, ní kò burú. Kí àwọn méjèèjì ri òpó sórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá bo ilé tirẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ni ọlọ́rọ̀, òun ló ni ilẹ̀.

Kíá, Ìjàpá ra gbogbo bẹẹrẹ tó wà lọ́jà, koríko tí wọ́n fi ń bo ilé. Kò ku ìdì kan.

"Ìyá Ọ̀yà," ó ní, "ṣé irun ara yín lẹ máa fi bo tiyín?"

Oúnjẹ àwọn ọmọ Ọ̀yà ló ń bọ́ lọ yẹn. Ó gun orí ebè, ó fi orin bọnu:

Ará àáró mi dà o?
*Wínrinwínrin.*
Mo bá Ọ̀bọ roko ẹ̀gẹ́,
*Wínrinwínrin.*
Mo bá Àgbọ̀nrín kọ ebè,
*Wínrinwínrin.*
Òjò ṣú, mi ò nílé o,
*Wínrinwínrin.*

Ẹ gbè é dáadáa, àbí ẹ ò tíì jẹun ni?

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ dé, tòun ti ìdì bẹẹrẹ kan.

"Àbúrò mi, níbo lo ti rí i rà?"

"Ẹ̀gbọ́n, orí ilé mi ni mo ti tú u. Ìyàwó mi ní kò burú, àwọn á máa ti orí ẹní wo ìràwọ̀."

Àgbọ̀nrín náà tú tirẹ̀ wá. Èyí tú, tọ̀hún tú. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, wọ́n ti bo ilé Ọ̀yà tán.

Ìjàpá so òrùlé tirẹ̀ pọ̀ dáadáa nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò bá a gbé e gun òpó.

"Ọ̀bọ, gba ọ̀kẹ́ owó kan, wá bá mi gbé e."

"Bàbá Ìjàpá, ẹ ní kí owó dìde kó gbé e. Ṣebí òun lẹ máa ń rán wá sóko wa."

Òjò ṣú. Ìjàpá wọ abẹ́ òrùlé, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ó gbé e díẹ̀, òrùlé jókòó lé e lẹ́yìn gbà. Òjò dé. Bẹẹrẹ rin, ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó le gbagidi. Owó ẹyọ ń ṣàn lọ sódò, olówó ń wò ó láti abẹ́ òrùlé.

Erin dé, omi ń kán létí rẹ̀. Ó bá Ọ̀yà àti gbogbo ìlú nínú ilé gbígbẹ, wọ́n ń jẹ iṣu sísun.

"Ìyá Ọ̀yà, ẹ sún fún mi díẹ̀."

"Kábíyèsí, ilẹ̀ ńkọ́?"

"Tiyín ni. Ta ló tún lọ́rọ̀ jù yín lọ, tí ọba ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín?"

Ó wọlé. Orí rẹ̀ nìkan ni o, ìta ni ìdí ọba ti gba òjò.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀yà ti ń gbé àkùrọ̀ tòun ti ará ilé rẹ̀. Ìjàpá ń gbé òrùlé kiri, kò sì tíì rí ẹni tí yóò sọ̀ ọ́.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí sí rèé. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí iyọ̀ tán nínú ọbẹ̀ mi.