Òkúta Àwẹ̀ró àti Àwọn Ẹtù Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kò sáré, jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rí òkúta méjì, ó rí agbo ẹtù, ó wá dúró ti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàgbé.

Ní ayé àtijọ́, Àjàgbé ní ìyàwó kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ń sin ẹtù méjìlá. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, yóò gbé ẹ̀kùrọ́ lé òkúta ńlá, yóò fi òkúta kékeré lù ú. Kọ́ǹkọ́. Èérún a fọ́n sílẹ̀, ẹtù a ti inú igbó wá ṣà á jẹ. Nígbà tó pẹ́, ẹtù kò dúró kí èérún já bọ́ mọ́. Bí òkúta bá ti ró báyìí, wọ́n ti dé.

Àwẹ̀ró ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó kú.

Ní ìlú wọn, bí obìnrin bá kú, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹ̀kùrọ́ nínú ilé náà títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ìyá Òkè, ẹ̀gbọ́n Àjàgbé lóbìnrin, kó ẹ̀kùrọ́ sínú àjà. Ilé dákẹ́. Ẹtù kò gbọ́ òkúta, ẹtù kò wálé. Igbó ni wọ́n ń sùn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń pa wọ́n jẹ. Àjàgbé rí ìyẹ́ wọn lójú ọ̀nà oko. Ó ka àwọn tó ń jẹ̀ nínú pápá, mẹ́jọ ló kù.

Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Àwẹ̀ró kò fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ẹtù yìí nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ dàgbà.

Ó da àgbàdo sẹ́yìnkùlé, wọn kò wá. Ó wá ní, "Òkúta lásán kì í ṣe ẹ̀kùrọ́. N ò ní fi ọwọ́ kan èèwọ̀." Ó gbé òkúta méjèèjì jáde, ó ń lù wọ́n mọ́ra, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹtù Àwẹ̀ró, ẹ wálé o,
*Kọ́ǹkọ́, òkúta ń ró.*
Ẹni tó tọ́ yín ti lọ o,
*Kọ́ǹkọ́, òkúta ń ró.*
Igbó kì í ṣe ilé ẹni,
*Kọ́ǹkọ́, òkúta ń ró.*

Ní ọjọ́ kìíní, ẹtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sáré dé. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo òkúta, wọ́n padà sígbó. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́, mẹ́ta ló wá. Ní ọjọ́ kẹta, ó kọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá ẹtù nìkan ló wá, ó dúró lókèèrè.

Àjàgbé ní, "Ṣé ẹ kò mọ ìró yìí mọ́ ni?"

Ìyá ẹtù ní, "Ọkọ Àwẹ̀ró, a mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, bó bá ró, a ó jẹun. Ní báyìí, bó bá ró, a ó kàn rìn lásán ni. Àwọn ọmọ mi ti ń kọ́ ìyẹn náà. Bí o bá tún lù ú lófìfo lọ́la, èmi gan-an kò ní dé."

Ní ọjọ́ kẹrin, Àjàgbé gun àjà, ó gbé agbọ̀n ẹ̀kùrọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Òkè ti dúró dè é.

"Àjàgbé, níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ogójì ọjọ́ ṣì ku mọ́kàndínlógún. Ìwọ ọkùnrin, pẹ̀lú irùngbọ̀n lágbọ̀n, o fẹ́ jókòó máa pa ẹ̀kùrọ́? Wọn á fi ọ́ ṣẹ̀sín dọ́dún."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò mọ ogójì ọjọ́."

Ìyá Òkè yà fún un. Ó ní, "Má jẹ́ kí àtàǹpàkò rẹ wà lábẹ́ òkúta. Ìwọ lo máa ké."

Àjàgbé jókòó, ó lu ẹ̀kùrọ́, ó lu àtàǹpàkò rẹ̀ náà. Ó kọrin:

Ẹtù Àwẹ̀ró, ẹ wálé o,
*Kọ́ǹkọ́, òkúta ń ró.*

Ìyá ẹtù dé, ó bá èérún nílẹ̀, ó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú mẹ́rin dání. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo wọn wálé, wọ́n sùn sí ilé wọn.

Àmọ́ nǹkan kan ṣe Àjàgbé tí kò retí. Bí òkúta ṣe ń ró, itọ́ kún un lẹ́nu, ọrùn rẹ̀ yí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, bí Àwẹ̀ró bá pa ẹ̀kùrọ́ tán, ibẹ̀ ni yóò ti gbé oúnjẹ jáde fún un. Àjàgbé mọ̀ pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀ mọ́. Ọrùn rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ìyá Òkè rí i. "Kí lò ń wò?"

"N ò wo nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òkúta ró, ọrùn yí. Obìnrin kan gbé oúnjẹ jáde láti ilé ìdáná. Àyà Àjàgbé fò. Ìyá Òkè ni.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé èmi kọ́ lò ń wò. Wẹ ọwọ́, kó má tutù."

Àjàgbé wẹ ọwọ́, ó jẹun. Omijé rẹ̀ ń kán sínú ọbẹ̀, Ìyá Òkè sì gbójú síbòmíràn. Ẹtù ń ṣa èérún lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, òkúta tún ró, ọrùn Àjàgbé tún yí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun méjì tó bá ń rìn pọ̀ lójoojúmọ́, ọkàn a so wọ́n pọ̀, ti ẹyẹ ni, ti ènìyàn ni. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì a máa wá a. Ẹ má fi òkúta òfìfo pe ẹni tí ẹ fẹ́ kó padà. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ń yí sí ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, ẹ má bú u. Ẹ gbé oúnjẹ jáde fún un.

Ibi tí ààlọ́ mi jókòó sinmi sí nìyí.