Àga Tí Ìjàpá Kàn fún Opó Ìgalà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó ń lọ. Kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí àga ló bà sí. Ó bà lé Ẹtu, opó Ìgalà, ó sì bà lé Ìjàpá káfíńtà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí ara tù yín, torí ọ̀rọ̀ ìjókòó ni a fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, Ìgalà ló ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Ọ̀bọ. Gìtá yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì tóóró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní gìtá ẹlẹ́sẹ̀. Onígìtá á jókòó sídìí rẹ̀. Ọwọ́ òsì á máa fi irin roboto kan yọ̀ lórí wáyà, ọwọ́ ọ̀tún á máa ta á. Ẹsẹ̀ òsì á máa tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, ohùn á sì máa yí padà. Irin mìíràn tún so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, orúnkún ni wọ́n fi ń tì í, sọ́tùn-ún, sósì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń mú kí ohùn ròkè tàbí kó rẹlẹ̀. Gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́, àfi ìdí nìkan. Iṣẹ́ ti ìdí ni kó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má bi mí bí pátákò ṣe ń di irin mú o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Bí Ìgalà bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ irin wọ̀nyí, ohùn gìtá á rọra gòkè bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ẹtu ìyàwó rẹ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wo ẹsẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Wíwò ló fi mọ̀ ọ́n.

Ìgalà dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kò rí ìparí òjò náà. Wọ́n sin ín, àwọn èrò túká, ilé dákẹ́.

Àṣà kan wà láàárín àwọn olórin ìlú náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ohun èlò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́ kọjá ogójì ọjọ́. Tí ogójì ọjọ́ bá pé, wọn á gbé e síta. Bí ará ilé olóògbé bá lè fi bá ẹgbẹ́ kọ orin mẹ́ta tẹ̀ léra, láìdìde, kí oòrùn tó wọ̀, ó di ti ilé náà títí láé. Bí kò bá lè ṣe é, ẹnikẹ́ni nínú ìlú tó bá lè ṣe é ló ni ín.

Ẹtu fẹ́ kí gìtá náà dúró nílé. Aṣọ Ìgalà wà níbẹ̀, fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kì í sọ̀rọ̀. Gìtá yìí nìkan ló kù tí Ẹtu lè fi gbọ́ ohun tó jọ ohùn ọkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó lọ jókòó sídìí rẹ̀. Àga Ìgalà ga, nítorí Ìgalà fúnra rẹ̀ ga. Ẹsẹ̀ Ẹtu ń fì dirodiro bí aṣọ orí okùn. Ó sún síwájú kí ẹsẹ̀ lè kan irin. Etí àga bẹ̀rẹ̀ sí í gé e nítan. Orin kan kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ó dìde, ó ń wo àga náà.

Ó ní, "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Ṣé ìdí ló máa wá gba gìtá yìí lọ́wọ́ mi?"

Bí ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé àpótí ìdáná wá. Àpótí kúrú, orúnkún rẹ̀ gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, kò sì ríbi gbà wọ abẹ́ gìtá. Ó dojú odó délẹ̀, ó gun ìdí rẹ̀. Odó ga dáadáa, àmọ́ kò fẹ̀. Bó ṣe ń tẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń yọ̀ lọ sósì. Ó lọ yá àga ìrọ̀gbọ̀kú Ọ̀bọ. Ìyẹn rọ̀ débi pé ó gbé e mì. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá fẹ́ lọ jìnnà lórí wáyà, apá àga á gbá a ní ìgúnpá.

Ẹtu kò bínú. Ohun tó ń ṣe é ni pé ó fẹ́ mọ̀. Kí ló dé tí àga tó tuni lára lẹ́yìn oúnjẹ fi ń roni lára nídìí iṣẹ́? Ó rìn lọ bá Alántakùn ahunṣọ, ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ igi abẹ́ òfì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe ń jókòó tí ẹ̀yìn kì í dùn yín?"

Alántakùn kò gbójú sókè. "Ìwọ nìkan ló bi mí rí," ó ní. "Aṣọ ni gbogbo ayé ń bi mí. Gbọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí itan rẹ tẹ́jú bí ilẹ̀ yìí. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra, kí ara má bá a gbéra. Tó bá di ọ̀sán tó o sì wá rántí pé orí nǹkan kan lo wà, àga yẹn kò dáa."

Ẹtu padà sílé. Ó gbé àpótí ìdáná kalẹ̀, ó ká ẹní lé e, ó jókòó, ó tẹ irin. Ó fi ẹní kan kún un. Ó yọ ọ̀kan. Ó ká aṣọ Ìgalà kan sí mẹ́rin, ó fi lé e. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, itan rẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ẹní ń yọ̀, kò lè gbé orin kan dópin. Ó mú okùn ìko, ó wọn ibi tí ìdí òun wà sí ilẹ̀, ó ta kókó méjì sí i. Ó gbé okùn náà lọ sọ́dọ̀ Ìjàpá.

Ìjàpá nìkan ni káfíńtà tó wà ní ìlú náà. Ó ń lọ ayùn nígbà tí Ẹtu wọlé.

"Ìyàwó wa, ẹ kú àfẹ́kù o. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

"Àmín, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́. Àga ni mo bá wá."

"Irú èwo? Ti olóyè àbí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Ti onígìtá."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Àga ni àga, ìyàwó wa. Ìdí kan náà ni gbogbo wọn ń gbé."

"Ìdí kan náà ni, ọ̀gá, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Kó má ní apá. Kó tẹ́jú, kó fẹ̀ díẹ̀, kí tìmùtìmù orí rẹ̀ má nípọn jù. Ẹ bá mi fá etí rẹ̀ níwájú kó má máa gé itan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó dúró gbagidi. Gíga rẹ̀ rèé, láti kókó yìí dé kókó yìí."

Ìjàpá gba okùn. Ó ti ń ronú nípa nǹkan mìíràn. Ó mọ̀ pé níbi òde, onígìtá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, ẹran méjì-méjì ló sì máa ń wà nínú àwo rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí obìnrin yìí bá dìde kí orin mẹ́ta tó pé, ta ló tún kù?"

Ó ní, "Máa lọ ilé. Màá wá wo bó o ṣe ń ta á, kí n lè mọ bí ìdí ṣe ń yí."

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà ló fi wá. Ó so pẹ́ńsùlù mọ́ okùn ìko náà, ó fi kọ́ ọrùn. Lórí ẹní tó ń yọ̀ yẹn ni Ẹtu ti ń ta díẹ̀díẹ̀ fún un. Ìjàpá á béèrè: wáyà wo nìyẹn? Irin yẹn ńkọ́, kí ló ń ṣe? Báwo lo ṣe mú ohùn náà sunkún? Ẹtu ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Ìgalà ti kú, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi í ni bóyá ó ti jẹun. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan fẹ́ mọ nǹkan.

Ìjàpá délé, àga méjì ló kàn. Ó kan ọ̀kan gẹ́lẹ́ bí Ẹtu ṣe sọ ọ́, ó gbé ìyẹn pa mọ́ fún ara rẹ̀. Èkejì, ó fi apá gíga sí i, ó fín ẹ̀yìn rẹ̀, ó to fóòmù mẹ́ta léra wọn, ó fi àrán pupa bò ó. Ìyẹn ló fẹ́ gbé fún Ẹtu.

Ogójì ọjọ́ pé. Wọ́n gbé gìtá síta ní ọ̀sán. Ẹgbẹ́ ti dúró, èrò ti pé, kí Ìjàpá tó gbé àga dé, tó fi aṣọ bò ó.

"Ẹ má bínú," ó ní, "fáníìṣì ni kò tètè gbẹ."

Ó ṣí aṣọ. Gbogbo èrò hó. Ọ̀bọ ní, "Ìjàpá, ọba gan-an á jókòó lórí èyí, kò ní fẹ́ dìde."

Ẹtu fọwọ́ kan apá àga. "Ọ̀gá, mo ní kó má ní apá."

"Ṣé opó Ìgalà ló yẹ kó jókòó bí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà? Ọ̀wọ̀ ọkọ rẹ ni mo bù kún un."

Àwọn èrò ní, "Ẹ kú oore o, Ìjàpá." Ẹtu fa àga náà sún mọ́ gìtá. Ó jókòó.

Orin kìíní, ó ta á dópin. Àmọ́ fóòmù ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun náà ń bá a lọ. Nínú orin kejì, orúnkún rẹ̀ kò rí irin tì mọ́. Ìgúnpá rẹ̀ gbá apá àga lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, irin roboto bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ gìtá. Ẹtu dìde láti mú un, ó sì rántí pé òun ti dìde.

"Ó mà ṣe o," Ìjàpá ní. "Ṣé ẹlòmíràn lè gbìyànjú?" Ó ti sáré lọ sẹ́yìn ògiri, ó gbé àga tó pa mọ́ jáde.

Ẹtu wo àga náà. Kò ní apá. Wọ́n ti fá etí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ là gàrà, ó mọ ohun tí Ìjàpá ṣe. Kó tó bínú, ojú rẹ̀ ti lọ sára ẹsẹ̀ Ìjàpá. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo àga. Ó wá ń rò ó pé, "Báwo ni tibí yìí ṣe fẹ́ jókòó?"

Ìjàpá gun àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sókè gan-an-ran bí ọmọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Ó ta gìtá, gìtá dún, àmọ́ kò sẹ́sẹ̀ tó tẹ irin. Ohùn kan náà ló ń jáde, bí ewúrẹ́ tó wà nínú kànga.

"Tẹ̀ ẹ́," Ọ̀bọ ní.

"Mò ń bọ̀."

Ó sún síwájú. Ó tún sún. Ó na ìka ẹsẹ̀. Níbi tó ti ń nà án ló ti yọ̀ kúrò lórí àga, ó dojú ẹ̀yìn délẹ̀ sábẹ́ gìtá, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ há sáàárín àwọn irin, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa afẹ́fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀bọ ló fà á jáde.

"Ìjàpá, ẹsẹ̀ ta lo wọ̀n kó o tó kan àga yìí?"

Ìjàpá ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹtu ní, "Ẹ wo okùn tó kọ́ ọrùn."

Ọ̀bọ bọ́ ọ. Ó nà án ti àga, kókó méjèèjì bá a mu. Ó nà án ti ẹsẹ̀ Ẹtu, ó bá a mu. Ó nà án ti Ìjàpá, kókó òkè ga ju àyà rẹ̀ lọ.

"Àga mi ni," Ìjàpá ní. "Igi mi, ìṣó mi, òógùn mi."

"A gbà," Ọ̀bọ ní. "Àga àrán náà, igi rẹ ni. Gbé e lọ ilé, ó yẹ ọ́. Èyí ni obìnrin yìí bẹ̀ ọ́ pé kó o kàn. Ẹtu, ẹnikẹ́ni nínú ìlú ni àṣà wí, ìwọ náà sì wà nínú ìlú. Oòrùn ò tíì wọ̀."

Oòrùn ti wà láàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹtu jókòó. Itan rẹ̀ tẹ́jú. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ara kò bá a gbéra. Ó fa wáyà. Ẹ bá mi gbè é, ẹ máa ní, "Jẹ́jẹ́":

Ìgalà, mo ti jókòó —
Jẹ́jẹ́.
Ẹsẹ̀ mi kan irin —
Jẹ́jẹ́.
Ọwọ́ mi ń rìn lọ —
Jẹ́jẹ́.
Ilé ò dákẹ́ mọ́ —
Jẹ́jẹ́.

Ó ta ọ̀kan, ó bọ́ sínú èkejì. Ìrora ẹ̀yìn ò sí, àga ò sí, èrò ò sí. Ohùn yẹn ń gòkè bí ẹni tó mí kanlẹ̀, Ẹtu sì ń tẹ̀ lé e lọ. Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ kí Ọ̀bọ tó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹtu, ó tó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀kẹta yìí."

"O ti parí ẹ̀kẹta tipẹ́. Ìkarùn-ún lò ń ta yìí."

Ẹtu gbójú sókè, ó wo gbogbo wọn, ó tẹ orí ba, ó sì ń ta á lọ. Ilé rẹ̀ ni gìtá náà sùn.

Ìjàpá ru àga àrán rẹ̀ lọ. Ó ga jù fún un. Adìyẹ ló ń yé sí i.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kí a má ṣe fi ẹ̀tàn gba ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìwọ̀n tí a jí lára ẹlòmíràn, ara ẹni yẹn náà ló máa bá mu. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá sì ń wá ibi tí ẹ máa jókòó sí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àpótí tí mo jókòó lé yìí yẹ̀ nídìí mi. Kò yẹ̀ o.